Orúkọ Ìyá Mi Lórí Òkúta Ẹlòmíràn

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ orúkọ àwọn òkú sára òkúta ní Jeppestown kí n tó kan orúkọ ìyá mi. Ìyá mi ò kú o. Ó wà ní Iléṣà, ara rẹ̀ le, ó ń bá aládùúgbò jà nítorí ewúrẹ́. Òkúta obìnrin mìíràn ni, ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tó gbé ayé rẹ̀ ní apá àríwá Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo rí orúkọ náà nínú ìwé iṣẹ́, ṣe ni mo dojú ìwé náà délẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ mu omi.

Bí mo ṣe dé Johannesburg gùn, kò sì dùn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ yàwòrán ni mo kọ́ ní poli nílé. Ẹni tó ní òun ní iṣẹ́ fún mi kò gbé fóònù mọ́ nígbà tí mo dé. Mo kó sí yàrá kan ní Berea pẹ̀lú obìnrin méjì, a fi aṣọ pín yàrá náà sí mẹ́ta. Oṣù kẹfà ni. Mi ò mọ̀ pé òtútù lè wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tó máa mú kí omi máa bọ́ lójú èèyàn lójú títì láìsí ẹni tó nà án. Lọ́jọ́ kan tí iná ojú títì, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, dá wa dúró lójú ọ̀nà, mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to òkúta ibojì síwájú rẹ̀. Mo rí i pé ẹni tó kọ lẹ́tà ara wọn kò mọ lẹ́tà kọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, mo wọlé lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Báyẹn ni mo ṣe rí iṣẹ́.

Ọkùnrin Zulu kan tó lè bí mi dáadáa ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní kí n máa pe òun ní Bra Vusi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò pè é ní nǹkan kan. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró síwájú rẹ̀, màá wúkọ́. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé brọ̀dá ni wọ́n gé kúrú, ọkàn mi balẹ̀.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á gé e sára rọ́bà, a ó lẹ rọ́bà náà mọ́ òkúta dúdú, a ó ṣí àwọn lẹ́tà kúrò, a ó sì fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn sí i. Ibi tí rọ́bà bò, iyanrìn ò ní lè jẹ ẹ́. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ni iyanrìn máa jẹ wọlé, ibẹ̀ ni orúkọ náà á sì wà títí gbogbo àwa tí a wà láyé báyìí á fi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rí i pé wọ́n máa ń ní kí n kọ orúkọ márùn-ún mẹ́fà mìíràn sábẹ́ orúkọ òkú, orúkọ àwọn baba ńlá ìdílé náà. Mo bi Bra Vusi ohun tó jẹ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́ yìí dìde dúró láàárín eruku, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Orí mi wú. Láti kékeré ni mo ti rò pé àwa nìkan la ní oríkì.

Ní Ọjọ́rú kan ni Mọ̀ọ́mì pè mí níbi iṣẹ́. Kì í pè mí níbi iṣẹ́.

“Mo ń lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé,” ó ní.

“Ta lẹ bá jà, mà?”

“Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo fẹ́ lọ búra fún orúkọ tuntun ni.”

Ó yẹ kí n sọ èyí fún yín kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín. Matilda ni ìyá mi ń jẹ́, kò sì ní orúkọ mìíràn. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ní ilé ìwòsàn míṣọ̀n kan. Bàbá rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ilé ọ̀fọ̀ ni gbogbo wọn wà, kò sẹ́ni tó gbé oyin tàbí omi síwájú ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ló ti kọ Matilda sínú káàdì. Káàdì yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, fi mú un lọ sí ilé ìwé. Orúkọ yẹn náà ni bàbá mi bá lára rẹ̀ tó fi fẹ́ ẹ. “Wọn ò sọ mí lórúkọ,” ni Mọ̀ọ́mì máa ń wí. “Wọ́n kọ mí sínú ìwé ni.” Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín, a ó sì bá a rín in.

Lọ́sẹ̀ yẹn kò rẹ́rìn-ín. Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn obìnrin, ìyàwó pásítọ̀ ti ní kí oníkálukú dìde kó sọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, kó sì fi dúpẹ́. Ó kan Mọ̀ọ́mì. Ó dìde, ó ní òun ò mọ̀. Ìyàwó kékeré kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó ní, ṣé orúkọ òyìnbó ń nítumọ̀ ni?

“Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí,” Mọ̀ọ́mì sọ fún mi. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan tí kò ní láárí pè mí wọ sàréè. Ìbùkúnolúwa ni mo fẹ́ máa jẹ́.”

“Ó dáa, mà. Orúkọ tó rẹwà ni.”

“O ò sọ ọ́ bí ẹni pé ó rẹwà.”

Òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un, torí ìdí náà kò bójú mu. Nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ ní orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n máa ń béèrè orúkọ ìyá mi. Láàárọ̀, lórí ìlà, nínú òtútù, tí gbogbo wa tí a wá tún ìwé ìgbélùú ṣe ń ti ara wa, mo máa ń débi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ìyá, màá sì kọ Matilda. Ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi kì í ti gbọ̀n. Mo fẹ́ kó máa jẹ́ ẹ nítorí tèmi.

“Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó,” ó ní kó tó gbé fóònù sílẹ̀. “Bá mi wádìí rẹ̀. Tó bá nítumọ̀, màá gbọ́. Tí o ò bá rí i kó tó di ọjọ́ Ajé, ó parí nìyẹn.”

Mo ní màá wò ó lórí fóònù tí mo bá délé. Nígbà tí mo dé Berea, iná ti lọ, fóònù mi sì ti kú. Ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ni ìwé iṣẹ́ náà dé ọwọ́ mi. MATHILDA, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Lẹ́yìn tí mo mu omi tán, mo padà sídìí tábìlì. Bra Vusi ti gbé òkúta mìíràn lọ sí Soweto, kò sí ẹni tí mo lè gbé iṣẹ́ náà fún. Mo ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Mo tẹ orúkọ náà, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ iyanrìn sí i. Mi ò fẹ́ wò ó pẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi wò ó dáadáa. Nígbà tí mo ṣí rọ́bà kúrò, orúkọ ìyá mi ló wà níbẹ̀, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́lẹ́. MATILDA. Lẹ́tà kan ti sọnù nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ bo òkúta náà, mo sì ń sọ lábẹ́ ẹnu pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọmọ olóògbé náà wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Mma Mokgadi ni wọ́n ń pè é, bí àwa ṣe ń sọ pé Màmá, obìnrin ẹ̀yà Pedi kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ilé ìkàwé, ó dé fìlà pupa, ó gbé báàgì sí ìgùnpá. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó sì ṣí aṣọ náà.

“Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, mà.”

“H dà?”

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi jiyàn. “Mà, bákan náà ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ H yẹn.”

Ó yọ gíláàsì. Ó wò mí títí ojú fi tì mí. Mo wá sọ òótọ́ fún un, pé orúkọ ìyá mi ni, pé báyìí la ṣe ń kọ ọ́ nílé, pé ọwọ́ mi ló gbé mi lọ.

“Ìgbà wo ni ìyá rẹ kú?”

“Kò kú, mà. Ó wà láàyè.”

Kíá ló fa aṣọ bo òkúta náà padà, ó tún fi ọwọ́ tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀. “Eish,” ó ní. “O kọ orúkọ ìyá rẹ tó wà láàyè sórí ibojì. Ṣé o sùn lánàá?”

Mo ní mi ò sùn. Ẹkún sì gbọ̀n mí lójijì. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti dé, gbogbo nǹkan tó bá ń bà mí lẹ́rù ni mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn kó tó yé wọn, tó bá sì fi máa yé wọn, á ti dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà. Obìnrin yìí kò nílò àlàyé kankan. Ó béèrè àga, mo gbé garawa ọ̀dà fún un, ó sì jókòó lé e pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan.

Bàbá ìyá rẹ̀, ó ní, jẹ́ ajíhìnrere lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Jámánì kan ní Limpopo. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó lọ bá ọ̀kan nínú wọn pé kó fún òun ní orúkọ kan, ṣùgbọ́n kó má fún òun ní èyí tó kàn dùn létí. Ó fẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Míṣọ́nnárì náà fún un ní orúkọ ìyàwó tirẹ̀, ó sì tú u fún un.

Mma Mokgadi tẹ̀ síwájú, ó fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń wọn òkúta kọ ọ́ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ MAHT. “Agbára,” ó ní. Ó fi àyè sílẹ̀, ó kọ HILD. “Ogun. Èdè àwọn Jámánì ayé àtijọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ ìwé kà. Ogun ni wọ́n fi ń sọ àwọn ọmọbìnrin wọn lórúkọ nígbà yẹn. Ogun, ọ̀kọ̀, ààbò. Alágbára lójú ogun ni ìyá mi. Ìyá tìrẹ náà nìyẹn.” Ó wá fi bàtà rẹ̀ kan H tó wà níwájú HILD. “Ibí ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. O ti gé e lórí.”

Mo dúró sójú kan. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti gbà pé àwa nìkan la máa ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ tá a sì ń fi í pe ọmọ, Adé mọ́ Bọ́lá, Akin mọ́ Labí, pé ariwo ẹnu lásán ni orúkọ àwọn òyìnbó. Àfi bí mo ṣe rí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀kì, pé àwọn kan tí wọ́n ń gbé inú igbó tó tutù, tí wọn ò gbọ́ orúkọ Iléṣà rí, ti jókòó ti ọmọ tuntun, wọ́n wò ó, wọ́n sì mú agbára, wọ́n so ó mọ́ ogun fún un. Nígbà tó yá mo wò ó lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí i, mi ò sì gbàgbé rẹ̀.

“Ṣé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mà?” mo bi í. “Ìyá yín.”

“Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n ní ohun tí oníkálukú bá lè rù ni kó mú. Ìyá mi yọ ilẹ̀kùn ilé, ó gbé e rù. Ó rìn fún ọjọ́ méjì. Ó ní ilé lè wó, ṣùgbọ́n òun kò ní sùn níbi tí òun ò ti lè tilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.” Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. “Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣí aṣọ lórí òkúta náà níwájú gbogbo ẹbí. Tún un ṣe.”

Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró délé. Nínú takisí, bí wọ́n ṣe ń ta mí nígùnpá lọ́tùn-ún lósì, mo fi àtàǹpàkò kan tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Mọ̀ọ́mì láìfi àmì kankan sí i, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe: “Momi, itumo Matilda ni alagbara ogun. E ma lo si kootu.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ló wà lórí fóònù mi, ó ti gbà á sílẹ̀.

“Mo rí ọ̀rọ̀ rẹ. Mo fi han ìyàwó pásítọ̀, òun náà kà á. Alágbára Ògún. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ń jẹ́ orúkọ òrìṣà láìmọ̀, èmi ìyàwó díákónì. O ṣeun tí o ní kí n máa lọ sí kóòtù, ara mi ò ní gbà á mọ́ rárá. A ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lórí rẹ̀. Mò ń pa fóònù títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé.”

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin tó fi ogójì ọdún ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó na èmi fúnra mi nítorí àmì ohùn. Mo pè é, fóònù ti kú. Mo tún pè é. Mo bínú sí i, mo bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bra Vusi kò pariwo nítorí òkúta náà. Ó ní, “Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo máa lọ̀ ọ́. Shap?” Mo ní shap, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ níbí pé ó dáa. Nítorí náà ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, èmi àti ẹ̀rọ ìlọ̀ àti omi nìkan la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú òkúta náà le, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Bí mo ṣe ń lọ orúkọ yẹn kúrò ní Johannesburg, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń gbààwẹ̀ láti pa á rẹ́ ní Iléṣà, mi ò sì ní ẹnikẹ́ni tí mo lè pè. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì rí ọjọ́ Àìkú tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ iṣẹ́ yẹn ń mú èèyàn ronú. Wọ́n máa ń bi mí níbí pé ará ibo ni mí, nílé náà tí mo bá pè, wọ́n á ní ohùn mi ti yàtọ̀. Mo wá ń ro bí orúkọ yìí ṣe rìn. Ó kúrò nínú igbó òtútù, ó dé Limpopo, ó ru ilẹ̀kùn. Ó dé Iléṣà, ó di tíṣà. Kò béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tó bá dé, wọ́n á pè é bí ahọ́n wọn ṣe mọ̀ ọ́n pè, á sì di tiwọn. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti kọ ọ́ tuntun, H wà nínú rẹ̀. Bra Vusi yà wá wò ó, ó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó lọ po tíì fún mi. Kò po tíì fún mi rí.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà nílé, mo pe Mọ̀ọ́mì láti ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé e. Ìgbà kẹrin ló tó gbé e.

“Mo ti wọ bàtà,” ó ní. “Kí ló dé?”

“Re-re ni, Mọ̀ọ́mì. Kì í ṣe dò-mí.”

“Kí ni re-re?”

“Ogun. Re-re. Ogun tí wọ́n ń jà. Mi ò sọ pé Ògún, mi ò fàmì sí i ni. Alágbára lójú ogun ni wọ́n ń pè yín. Mi ò sì ní kí ẹ máa lọ, mo ní kí ẹ má lọ ni.”

Mo ń retí kó bú mi. Mo gbọ́ ìró àga.

“Tún un wí.”

Mo tún un wí. Mo sọ gbogbo ohun tí Mma Mokgadi sọ fún mi, àti agbára àti ogun.

“Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín rí,” ó ní. “Oṣù méje ni oyún mi tí wọ́n fi bí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló sọ fún mi kó tó kú. Wọ́n ti tẹ́ mi sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, pé ká sáà jọ lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ló gbé mi kúrò níbẹ̀, ó fi mí sí àyà rẹ̀ nínú aṣọ, ó jókòó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ń sọ èdè kan sí mi létí, wọ́n ní kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi wọ́n pé kí lorúkọ ọmọ. Wọ́n ní àwọn kì í sọ ọmọ tó ń lọ lórúkọ. Ló bá mú káàdì, ó kọ ọ́.”

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

“Ó mọ ohun tó ń kọ,” ni Mọ̀ọ́mì wí.

Mi ò lè búra sí i. Ó lè jẹ́ orúkọ ìyá òun fúnra rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì náà kọ, tàbí èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, “Ó mọ̀ ọ́n, mà.”

“Mo ti bọ́ bàtà,” ó ní. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Pè mí.”

“Mà?”

“Pe orúkọ mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ ohun tó jẹ́.”

“Mọ̀ọ́mì, mi ò lè pe orúkọ yín.”

“Mo ní kí o pè mí.”

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nínú eruku òkúta. Bra Vusi wò mí, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

“Matilda,” mo pè.

“Mà,” ni ìyá mi dáhùn.